Orí Keje: Ìwé Ìlànà Ìjórin àti Ìdánwò Tó Gbé E Dúró

Ohun kan mú ìjórin yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Bí kápẹ́ńtà bá gé pákó kúrú, téèpù yóò sọ. Bí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lé irin bá fá ṣáàfù jù bó ṣe yẹ, kálípà yóò sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wẹ́dà bá jó irin méjì pọ̀, tó gbá ìdàrọ́ kúrò, tó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ún títí ó fi ń dán, kò sí ojú èèyàn tó lè sọ bóyá irin ibẹ̀ ti le ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí bóyá háídírójìn ti wọ inú rẹ̀ tí yóò mú un sán lọ́jọ́ kejì. X-ray máa ń fi ihò àti ìdàrọ́ tó há sínú hàn, àmọ́ kò lè sọ bóyá irin náà yóò tẹ̀ tàbí yóò ṣẹ́. Kí a tó mọ ìyẹn, àfi kí a gé e, kí a fà á títí yóò fi já, kí a sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ká. Èyí tí a bá sì ti gé báyẹn kò ṣeé lò mọ́.

Nítorí pé a kò lè gé gbogbo ojú ìjórin wò, ọ̀nà tí a fẹ́ gbà jó o ni a máa ń dán wò ṣáájú. A ó jó irin kan tí a mọ̀ pé a máa bà jẹ́, a ó kọ gbogbo bí a ṣe jó o sílẹ̀, a ó gé e, a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá yege, ọ̀nà kan náà ni a ó gbé lọ sórí iṣẹ́ gan-an, a ò sì ní yà kúrò lórí rẹ̀. Ìdánilójú tí a ní nípa irin tí a kò gé, ara irin tí a gé ló ti wá. Bí àkọsílẹ̀ tó so méjèèjì pọ̀ bá jẹ́ irọ́, ìdánilójú náà ti tán, bó ti wù kí wẹ́dà mọṣẹ́ tó.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó. Páìpù gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbéra láti Ìtókí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba Badagry wọ abẹ́ òkun, ó ya sí Cotonou àti Lomé, ó sì dé Takoradi ní Ghana. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 678. Bí a bá fojú bù ú pé páìpù kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 12, ojú ìjórin tó máa so wọ́n pọ̀ yóò lé ní 56,000. Nínú iṣẹ́ tó tó báyìí, àṣìṣe inú ìlànà kì í dúró lójú kan. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti lo ìlànà náà ni àṣìṣe yóò dé.

7.1 Ìwé mẹ́ta

Ìwé mẹ́ta ló wà, ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ ló sì ń pò wọ́n pọ̀ mọ́ra.

Àkọ́kọ́ ni ìwé ìlànà ìjórin, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní WPS. Òun ló ń sọ bí wẹ́dà yóò ṣe ṣiṣẹ́: irú irin, bí ẹnu irin yóò ṣe rí, irú ẹlẹ́kítíróòdù àti bó ṣe tóbi tó, iye iná, àti bí irin yóò ti gbóná tó kí a tó dáná lé e. Ìkejì ni àkọsílẹ̀ ìdánwò ìlànà, PQR. Ìwé yìí kì í pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ìròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni: ọjọ́ báyìí ni a jó irin báyìí, ohun tí mítà fi hàn nìyí, nígbà tí a sì fà á, ibi tó ti já nìyí. Ìkẹta ni ìwé ẹ̀rí wẹ́dà, WPQ, tó ń jẹ́rìí pé ọwọ́ ẹni báyìí lè ṣe iṣẹ́ náà.

WPS ṣeé tún kọ. Bí oníṣẹ́ bá rí i pé ẹlẹ́kítíróòdù 4 mm yóò yá ju 3.2 mm lọ, ó lè ṣàtúnṣe sí WPS níwọ̀n ìgbà tí òfin kò bá ní kó tún ìdánwò ṣe. PQR kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kò ṣeé yí padà. Bí mítà bá fi 118 A hàn lọ́jọ́ ìdánwò, ohun tí a ó kọ náà nìyẹn. Bí a bá wá rí i pé akọ̀wé ṣi nọ́ńbà kan kọ, a lè tún un ṣe, kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ìdánwò fọwọ́ sí àtúnṣe náà kó sì kọ déètì sí i, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ yí nọ́ńbà padà kí ìdánwò lè bá ohun tí a fẹ́ mu.

PQR kan ṣoṣo lè gbé WPS mẹ́ta tàbí mẹ́rin dúró. WPS kan náà sì lè nílò PQR méjì, bí àpẹẹrẹ, nígbà tí a bá fi TIG jó ìlà àkọ́kọ́, tí a fi ẹlẹ́kítíróòdù kún ìyókù, tó sì jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti dán méjèèjì wò.

7.2 Kò sí ojú ìjórin tó kéré jù

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1980, ìjì ń jà lórí Òkun Àríwá, ní pápá epo Ekofisk ti orílẹ̀-èdè Norway. Àwọn òṣìṣẹ́ epo ń gbé inú pèpéle orí omi kan tí wọ́n ń pè ní Alexander L. Kielland, tó dúró lórí ẹsẹ̀ ńlá márùn-ún. Èèyàn 212 ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ márààrún já, pèpéle náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì dojú dé. Èèyàn 123 ló kú.

Àwọn tó ṣèwádìí tọpa jíjá náà dé ara ọ̀pá irin ńlá kan tó so ẹsẹ̀ mọ́ ara pèpéle, tí wọ́n ń pè ní D-6. Wọ́n ti dá ihò sí ara ọ̀pá náà, wọ́n sì ti jó ìdìmú ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn, hydrophone, tó ń gbọ́ ìró lábẹ́ omi. Ojú ìjórin tó dì í mú kò ju 6 mm lọ, kò sì dára. Ibẹ̀ ni irin ti kọ́kọ́ sán. Ìgbì òkun ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójoojúmọ́, sísán náà ń gùn sí i, títí D-6 fi já pátápátá. Nígbà tí wọ́n yẹ ojú sísán náà wò, wọ́n rí ọ̀dà nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ibẹ̀ ti sán láti ọgbà tí wọ́n ti kọ́ pèpéle náà, kó tó di pé wọ́n kùn ún.

Ìdìmú hydrophone kò gbé ẹrù kankan, wọ́n sì kà á sí ohun èlò àfikún lásán. Àmọ́ gbàrà tí a bá ti jó ohunkóhun mọ́ irin tó ń gbé ẹrù, ohun náà ti di ara irin ọ̀hún. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ọn fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó wá etí ìgbésókè, kílíìpù onígbà díẹ̀ àti ìdìmú páìpù wáyà nínú àwòrán iṣẹ́ kó tó wá àwọn ojú ìjórin ńláńlá, nítorí àwọn ńláńlá kì í ṣòro láti rí. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ní WPS. Kódà ibi tí wẹ́dà ti fi ẹnu ẹlẹ́kítíróòdù gbá irin lásán láti fi tan iná gbọ́dọ̀ di fífá, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí irin ibẹ̀ gbóná lójijì, ó sì tutù lójijì, líle tó le sì lè mú un sán.

7.3 Kíkọ ìwé àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ ọkọ̀ ìfúnpá, ìyẹn táńkì tó ń gba gáàsì tí a fún pọ̀, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ SA-516 Grade 70 tó nípọn 12 mm. Òfin tí oníbàárà yàn ni ti ASME, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìbúgbàù bọ́ílà ló bí òfin yìí: èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ bàtà kan ní Brockton, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lọ́dún 1905 pa èèyàn 58, kò sì tíì pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tí ASME fi gbé òfin bọ́ílà àkọ́kọ́ kalẹ̀. Apá Kẹsàn-án òfin náà ló dá lé ìjórin.

Kí ìdánwò tó wáyé, ìwé tí a ní kò tíì ju èrò lọ. A ń pè é ní ìlànà àbá. Ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ irin tó wà níwájú rẹ̀. SA-516 Grade 70 kò gbọdọ̀ já kó tó dé 485 MPa, nítorí náà ohun tí a ó fi jó o kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí i. E7018 bá a mu. Nọ́ńbà 70 ń sọ pé irin inú rẹ̀ lágbára tó 70,000 pọ́ùn lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kan, ìyẹn iye kan náà tí wọ́n kọ ní 485 MPa fún Grade 70. Nọ́ńbà 1 ń sọ pé ó ṣeé lò ní gbogbo ipò, nọ́ńbà 8 sì ń sọ pé háídírójìn ìbora rẹ̀ kéré, àti pé ìyẹ̀fun irin wà nínú ìbora náà.

A ó fá ẹnu irin méjèèjì kí igun àárín wọn lè jẹ́ 60°, a ó fi àlàfo 3 mm sílẹ̀ ní ìdí. Ìlà àkọ́kọ́, ẹlẹ́kítíróòdù 2.5 mm. Àwọn ìlà ìyókù, 3.2 mm, láti 100 A dé 130 A, iná DC, kí ìdìmú ẹlẹ́kítíróòdù wà lórí pósítífù. Nígbà tí ojú kan bá kún, a ó yí irin padà, a ó fi gíráńdà fá ìdí rẹ̀ títí a ó fi kan irin tó mọ́, a ó sì jó ẹ̀yìn náà.

Gbólóhùn kan tún wà tí kò gbọdọ̀ sọnù nínú ìwé náà, pàápàá fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ létí ọ̀sà ní Èkó tàbí Warri: bí a ó ṣe tọ́jú ẹlẹ́kítíróòdù. Ìbora E7018 máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Iná ìjórin a pín omi náà sí ọ́síjìn àti háídírójìn, háídírójìn a sì wọ inú irin tó ń yọ́. Lẹ́yìn tí irin bá tutù, yóò rọra kóra jọ síbi tó le jù. Ó lè tó ọjọ́ méjì kí sísán tó yọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníbàárà fi ń ní kí a dúró fún wákàtí 48 kí a tó ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn sí irin tó nípọn tàbí tó le. Nítorí náà, gbàrà tí a bá ti ṣí páálí, inú ààrò kékeré tí ooru rẹ̀ kò dín sí 120°C ni ẹlẹ́kítíróòdù gbọ́dọ̀ wà, kí wẹ́dà máa kó ìwọ̀nba tó máa lò jáde. Mo ti rí i níbi iṣẹ́ tí páálí E7018 wà ní ṣíṣí lórí sìmẹ́ǹtì láti àárọ̀, tí òjò ń rọ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Irú ẹlẹ́kítíróòdù bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní èyí tí a dán wò, orúkọ tó wà lára rẹ̀ kò sì yí ìyẹn padà.

7.4 Ọjọ́ ìdánwò

Irin ìdánwò méjì ni a ó gé láti ara irin pẹlẹbẹ tí ìwé ẹ̀rí ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ wà lọ́wọ́ wa, a ó sì lu nọ́ńbà irin náà sí ara wọn. Ẹni méjì ló ń ṣiṣẹ́: wẹ́dà, àti akọ̀wé ìdánwò. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ jókòó sínú ọ́fíìsì. Ẹ̀gbẹ́ wẹ́dà ni ó yẹ kó dúró sí, kó wọ gíláàsì dúdú tirẹ̀, kó mú mítà tí a ń fi há wáyà dání, kó ní aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, kó sì ní ṣọ́ọ̀kì ìwọ̀n ooru tó máa ń yọ́ nígbà tí irin bá gbóná dé ìwọ̀n tí a kọ sí ara rẹ̀.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ní ìlà kẹta, mítà fi 24 V àti 120 A hàn, wẹ́dà sì jó 150 mm ní ìṣẹ́jú kan. Ooru tó wọ inú irin ni a ń ṣírò báyìí: a ó sọ fọ́ltì di púpọ̀ ní áńpíà, a ó sọ èyí di púpọ̀ ní 60, a ó sì fi ìyára tí a kà ní mm lórí ìṣẹ́jú pín in. 24 × 120 × 60 ÷ 150 jẹ́ 1,152 J lórí mílímítà kan, ìyẹn bíi 1.15 kJ/mm. Bí wẹ́dà bá yára sí i, tó jó 200 mm ní ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú iná kan náà, yóò já sí bíi 0.86 kJ/mm. Ìdá mẹ́rin ooru náà ti dín ní ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan bọ́tìnì ẹ̀rọ. Akọ̀wé tó bá kọ áńpíà nìkan, tó gbàgbé ìyára, kò tíì kọ nǹkan kan nípa ooru.

Ooru tó pọ̀ jù ń mú kí hóró inú irin tóbi, kó sì pàdánù agbára rẹ̀ láti fara da lílù. Ooru tó kéré jù ń jẹ́ kí irin tutù kíákíá, kó le, kó sì gan. Àárín méjèèjì ni a ń wá. Kí ìlà kan tó tẹ̀ lé èkejì, akọ̀wé yóò tún fi ṣọ́ọ̀kì kan irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjórin. Bí ìlànà bá ní kò gbọdọ̀ ju 250°C lọ, tí ṣọ́ọ̀kì 250 bá sì yọ́, wẹ́dà yóò dúró. Dídúró yìí máa ń bí àwọn fọ́mà nínú, nítorí pé wọ́n rò pé àkókò ń ṣòfò. Lọ́jọ́ ìdánwò, iṣẹ́ gan-an ni dídúró náà.

7.5 Fífà àti títẹ̀

Fún irin 12 mm, òfin ASME ń béèrè fún ẹ̀là méjì fún ìdánwò fífà, àti mẹ́rin fún títẹ̀: méjì tí a tẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè nà, méjì tí a tẹ̀ kí ìdí rẹ̀ lè nà. A sì lè fi mẹ́rin tí a tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò wọn. Bí irin bá nípọn dé 19 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rin tí a tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ni òfin gbà.

Ìdánwò fífà rọrùn láti kà. Bí ẹ̀là bá fẹ̀ tó 19 mm, tó nípọn 12 mm, ojú rẹ̀ jẹ́ 228 mm². Bó bá já nígbà tí ẹ̀rọ fà á dé 119,700 N, agbára rẹ̀ jẹ́ 525 MPa. Ó ti ju 485 lọ, ó yege. Ṣùgbọ́n ibi tó ti já náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ̀là bá já ní 470 MPa nínú ojú ìjórin, ó kùnà. Bó bá já ní 470 kan náà nínú irin tí a kò jó, lẹ́yìn ojú ìjórin, òfin yóò gbà á, nítorí pé kò rẹlẹ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí 485, ojú ìjórin sì ti fi hàn pé òun lágbára ju irin tó yí òun ká lọ. Akọ̀wé tó kọ nọ́ńbà, tí kò kọ ibi tó ti já, ti sọ ìdajì ìdánwò nù.

Títẹ̀ ni èmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìdánwò, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun gbogbo. A ó lé ẹ̀là náà títí yóò fi nípọn 10 mm, a ó gbé e lé orí rólà méjì, a ó sì fi irin róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 40 mm tì í sísàlẹ̀ títí yóò fi ká bíi lẹ́tà U. Ojú òde rẹ̀ ń nà gidigidi. Bí ìdàrọ́ bá há sínú, tàbí bí ibì kan bá wà tí irin kò ti yọ́ wọra, yóò lanu níbẹ̀. A ó fi rúlà wọ̀n ọ́n: bí ibi tó lanu bá ju 3 mm lọ, ó kùnà. Ìka ọwọ́ tí a fi ra ojú òde ẹ̀là tó yege kì í kan ohunkóhun ju ìlà kíkùn rírọ̀ tí ojú ìjórin ń ṣe nígbà tó ń nà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́jú ẹ̀là tó kùnà pẹ̀lú èyí tó yege, kó kọ nọ́ńbà sí méjèèjì.

7.6 Bí ìdánwò kan ṣe ń gbà wá láyè tó

Ìdánwò orí irin 12 mm kò fi wá sórí 12 mm nìkan. Òfin ASME fún wa láyè láti 5 mm dé ìlọ́po méjì irin tí a dán wò, ìyẹn 24 mm. Irin náà sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní P-No. 1, níbi tí A36 tí a fi ń kọ́ ilé àti páìpù A106 Grade B wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ti dán ọ̀kan nínú wọn wò kò ní láti dán gbogbo wọn wò. Ẹlẹ́kítíróòdù náà ní ẹgbẹ́ tirẹ̀: E7018 wà ní F-No. 4, E6010 wà ní F-No. 3. Láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, àfi kí a tún ìdánwò ṣe.

Àwọn ohun tí ìyípadà wọn ń béèrè fún ìdánwò tuntun ni a ń pè ní kókó pàtàkì: ẹgbẹ́ irin, ẹgbẹ́ ẹlẹ́kítíróòdù, irú ọ̀nà ìjórin, nínípọn tó kọjá àlà, fífi iná tọ́jú irin lẹ́yìn ìjórin. Fífi iná yá irin ṣáájú wà nínú wọn pẹ̀lú. Bí a bá yá irin ìdánwò dé 120°C, WPS kò gbọdọ̀ gbà kí ó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ohun tó ju 55°C. Àwọn ohun tí a lè yí padà nínú WPS láìṣe ìdánwò, bí igun ẹnu irin tàbí títóbi ẹlẹ́kítíróòdù, ni kókó kékeré.

Ẹgbẹ́ kẹta wà láàárín méjèèjì, ìtàn ọkọ̀ ojú omi ló sì ṣàlàyé rẹ̀ jù. Lóru ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1943, Schenectady, ọkọ̀ epo tuntun tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ jíjó, dúró jẹ́ẹ́ létí èbúté ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, lásìkò òtútù. Kò sí ìjì. Ara ọkọ̀ náà dún bí ìbọn, ó sì ṣẹ́ sí méjì ní àárín. Nínú ọkọ̀ tí a fi ìṣó kan, sísán a máa dúró ní etí irin kan. Nínú ọkọ̀ tí a jó, irin gbogbo ti di ẹyọ kan, kò sí etí tí yóò dá a dúró. Constance Tipper ní Yunifásítì Cambridge ló wá fi hàn pé irin tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọkọ̀ ìgbà náà máa ń gan bí ó bá tutù dé ìwọ̀n kan.

Nítorí èyí, nígbà tí iṣẹ́ bá máa wà ní ibi òtútù, tàbí tí gáàsì tútù máa wà nínú rẹ̀, oníbàárà yóò ní kí a ṣe ìdánwò lílù tí wọ́n ń pè ní Charpy: a ó gé ẹnu kékeré sí ara ẹ̀là, a ó mú un tutù, a ó fi òòlù onípẹ́ńdúlúmù gbá a, a ó sì ka agbára tó gbà kó tó ṣẹ́. Níbi tí ìdánwò lílù bá ti wọ ọ̀rọ̀, àwọn kókó kan tí kò jọ wá lójú tẹ́lẹ̀ á di pàtàkì, ooru tó wọ inú irin sì ni olórí wọn. Ìgbà yìí ni a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé tó ka ìyára.

7.7 Ọwọ́ wẹ́dà

Ìlànà tó yege kò sọ pé gbogbo wẹ́dà lè lò ó. Ìdánwò wẹ́dà dá dúró, àwọn kókó tirẹ̀ sì yàtọ̀. Fún ìlànà, bí kò bá sí ìdánwò lílù, ipò tí a ti jó irin kò ṣe pàtàkì lójú òfin ASME: irin tí a jó lórí tábìlì lè gbè WPS tó wà fún jíjó lókè orí. Fún wẹ́dà, ipò ni ohun gbogbo, nítorí pé ọwọ́ tó lè jó irin lórí tábìlì lè má lè jó o nígbà tí iná ń kán sílẹ̀ lé e lórí. Wẹ́dà tó bá yege lórí páìpù tí a gbé dúró ní 45°, tí a kò yí, èyí tí wọ́n ń pè ní 6G, ti gba àyè fún gbogbo ipò. Bákan náà, irin àtìlẹ́yìn tí a gbé sábẹ́ àlàfo: yíyọ rẹ̀ kúrò kò ba ìlànà jẹ́, ṣùgbọ́n wẹ́dà tó ṣe ìdánwò pẹ̀lú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ìdánwò ṣe kó tó jó ìdí tó ṣí sílẹ̀.

Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí wẹ́dà kò lo ọ̀nà ìjórin kan, ẹ̀rí rẹ̀ lórí ọ̀nà náà ti parí. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń ní ìwé kan tó ń kọ ọjọ́ tí wẹ́dà kọ̀ọ̀kan lo ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn, kì í dúró di ọjọ́ tí olùyẹ̀wò bá dé.

7.8 Àwọn òfin mìíràn

Ilé onírin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lo AWS D1.1, tó fún àwọn ìlànà kan láyè láìsí ìdánwò bí a bá tẹ̀ lé àwọn ààlà inú rẹ̀ pátápátá. Páìpù epo àti gáàsì tó ń gba orí ilẹ̀ kọjá sábà máa ń lo API 1104. Ní Yúróòpù, ISO 15609 ló ń sọ bí a ṣe ń kọ ìwé ìlànà, ISO 15614-1 ló ń sọ bí a ṣe ń dán ìlànà wò, ISO 9606-1 ló wà fún wẹ́dà. Ìtẹ̀jáde ISO 15614-1 ti ọdún 2017 pín ìdánwò sí ìpele méjì. Ìpele kìíní sún mọ́ ti ASME. Ìpele kejì ń béèrè fún X-ray tàbí ultrasonic, wíwá ojú sísán lókè irin, wíwọn líle, àti gígé ojú ìjórin ní ìdábùú, kí a dán an, kí a fi ásíìdì fọ̀ ọ́, kí gbogbo ìlà rẹ̀ lè hàn. Ìlànà tó yege ní ìpele kejì gbè iṣẹ́ ìpele kìíní, àmọ́ èyí tó yege ní ìpele kìíní kò gbè ti ìpele kejì. Lójú tèmi, ilé iṣẹ́ tó bá lágbára rẹ̀ kó máa ṣe ìpele kejì láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí gígé àti fífọ̀ yẹn ń kọ́ wẹ́dà lẹ́kọ̀ọ́ ju ìdánwò fífà lọ.

7.9 Ìwé tí kò ní irin lẹ́yìn

Ìwà kan wà tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: kí agbaṣẹ́ṣe gba PQR ilé iṣẹ́ mìíràn, kó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kó tẹ tirẹ̀ sí i. Òfin ASME sọ pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bójú tó jíjó irin ìdánwò fúnra rẹ̀. Ó lè gbé gígé àti fífà fún ilé àyẹ̀wò, kò lè gbé jíjó fún ẹlòmíì. Ìdí rẹ̀ ṣe kedere: ìdánwò náà tún ń fi hàn pé ilé iṣẹ́ yìí ní ẹ̀rọ, ààrò àti ọ̀gá tó lè mú ìlànà náà ṣẹ.

Olùyẹ̀wò lè mọ̀ ọ́n. PQR tí áńpíà ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ 120 gérégéré, tí gbogbo ìyára jẹ́ 150, kò wá láti ọwọ́ èèyàn tó ń mí. Àkọsílẹ̀ gidi ń sọ 117, 122, 119. Kó béèrè fún ìwé ẹ̀rí irin, kó fi nọ́ńbà rẹ̀ wé ti PQR. Kó béèrè fún ìwé ẹ̀rí tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ mítà wò láìpẹ́. Lẹ́yìn náà, kó ní kí wọ́n gbé àwọn ẹ̀là títẹ̀ jáde.

Ìdánrawò

1. Wẹ́dà lo 26 V àti 130 A, ó sì jó 180 mm ní ìṣẹ́jú kan. Ṣírò ooru tó wọ inú irin ní kJ/mm. Kí ni ooru náà yóò jẹ́ bí ìyára rẹ̀ bá dín kù sí 120 mm ní ìṣẹ́jú kan?

2. PQR kan sọ pé wọ́n yá irin dé 120°C ṣáájú ìjórin. WPS tí wọ́n kọ láti inú rẹ̀ gbà kí wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ ní 50°C. Ǹjẹ́ òfin ASME gbà á? Ṣàlàyé.

3. Ẹ̀là fífà méjì láti ara SA-516 Grade 70 já ní 468 MPa. Ọ̀kan já nínú ojú ìjórin, èkejì nínú irin tí a kò jó. Sọ èyí tó yege àti ìdí rẹ̀.

4. Ilé iṣẹ́ kan ti dán ìlànà wò lórí irin 12 mm pẹ̀lú E7018. Iṣẹ́ tuntun dé tó ní irin A36 20 mm, páìpù A106 Grade B 6 mm, àti irin SA-516 Grade 70 30 mm. Sọ àwọn tí ìdánwò àtijọ́ gbà, àti èyí tó nílò ìdánwò tuntun.

5. Lọ sí ibi iṣẹ́ ìjórin kan tó wà nítòsí rẹ. Wo bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹlẹ́kítíróòdù wọn láti ìgbà tí wọ́n ṣí páálí títí tí wọ́n fi lò ó tán. Kọ ohun tí o rí gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ìdánwò yóò ṣe kọ ọ́: aago, ibi tí ẹlẹ́kítíróòdù wà, bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Má fi èrò tìrẹ kún un.